Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo fítámì ni ọmọ ń tọ̀ dànù

Ẹ̀yin òbí Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé fítámì kì í pa ọmọ lára, pé èyí tó bá pọ̀ jù, yóò tọ̀ ọ́ dànù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fítámì C máa ń bá ìtọ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ara ni A àti D ń kó sí, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n lè pa ọmọ lára.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún, nítorí èròjà irin inú rẹ̀. Mo rí i nílé kan ní Òkè-Fìà: ó wà nínú ọ̀rá kékeré lójú fèrèsé, ó pupa, ó ń dán bíi súìtì. Ọmọ tó bá gbé e mì lè bì, kó dà bíi pé ara ti tù ú, kó sì tún dojú rú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o! Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, pẹ̀lú páálí oògùn náà.

Kí ẹ tó fún ọmọ ní fítámì, ẹ ka ìwọ̀n tó wà lára páálí, tàbí kí ẹ bi apòògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.