Ayé tó ń yí kọ́ ló ń mú bàálù pẹ́ láti London sí New York

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́ àwọn èèyàn wa ní ọ̀rọ̀ yìí? Níbi ìkómọ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ pé ìdí tí London sí New York fi ń gba bíi wákàtí 8, tí àbọ̀ ẹ̀ ò sì ju bíi 7 lọ, ni pé ayé ń yí lábẹ́ bàálù. Gbogbo ilé ń mi orí. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ o," wọ́n ní ṣé èmi náà ti di páílọ́ọ̀tì ni.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà fún wọn ná. Apá ibo layé ń yí sí? Ìlà oòrùn. Ìlà oòrùn New York sì ni London wà. Níbi tí London wà yẹn, eré tí ilẹ̀ ń bá ayé sá lé ní 1,000 kìlómítà ní wákàtí kan, bàálù rèé, bíi 900 lagbára ẹ̀ mọ. Tó bá jẹ́ pé ayé ń yí fi bàálù sílẹ̀ lóòótọ́, èyí tó gbéra ní New York tó ní òun ń lé London lọ ò ní bá a láéláé, London á kàn máa sá lọ níwájú ẹ̀ ni, èyí tó sì gbéra ní London, New York fúnra ẹ̀ lá wá pàdé ẹ̀ lọ́nà, bíi wákàtí 3 wọ́n ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n òdìkejì gan-an là ń rí! Ìlà oòrùn ló ń yá. Èmi ò mọ ohun tó tún kù téèyàn fẹ́ gbọ́.

Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń fò nínú ẹ̀, òun náà ń bá ayé yí. Ẹ sọ owó ẹyọ sókè nínú mọ́tò tó ń sáré, ṣé búùtù ló máa lọ já sí?

Atẹ́gùn ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní bíi kìlómítà 10 sókè, èyí kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, ó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó lè ju 200 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ìgbà òtútù ló sì máa ń le jù. Ní February 2020 tí ìjì Ciara ń bọ̀, bàálù British Airways kan gbéra ní New York, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 ló fi dé Heathrow. Ṣé ayé dìídì sáré yí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni? Èmi tí mo máa ń lọ kí ẹbí lọ́hùn-ún, ojú mi kì í kúrò lára skríìnì ẹ̀yìn àga yẹn, tá a bá ń bọ̀ wá sí London, eré wa máa ń kọjá 1,000, tá a bá ń lọ, bíi 800 la máa ń rápálá lé. Páílọ́ọ̀tì alára máa ń sọ ọ́ pé atẹ́gùn ń tì wá lẹ́yìn, àfẹni tó bá sùn lọ.

Ìdí nìyẹn tí àlọ àti àbọ̀ Èkó sí London ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àríwá sí gúúsù nìrìn yẹn, ẹ̀gbẹ́ latẹ́gùn ń gbà kọjá.

Ó dáa, yíyí ayé lọ́wọ́ nínú bí atẹ́gùn náà ṣe ń gba ibi tó ń gbà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ kọ́ nìyẹn ṣá.

Tàwọn tó ní wákàtí 3 péré ni London sí New York, torí pé wọ́n gbéra laago méjì ọ̀sán wọ́n sì balẹ̀ laago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mi ò ráyè ẹ̀. Wákàtí 5 ni aago New York fi wà lẹ́yìn ti London, ẹ rò ó pọ̀.