Géèmù kì í ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́

"Ẹ tètè yọ nǹkan yẹn lára tẹlifíṣọ̀n kó tó bà á jẹ́!" Láti Òkè-Fíà títí dé Ìgbóná, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn òbí wa ń sọ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gọngọ ṣì wà ní pálọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ ní Òṣogbo yìí, a sì ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tiwa náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra PlayStation tòkúnbọ̀ sọ fún mi pé, "Àbúrò, ó wù mí kí àwọn ọmọ máa gbá a, àmọ́ ẹ̀rù tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ mi ló ń bà mí." Ìbẹ̀rù yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ nídìí, ó sì ti fi adùn púpọ̀ du tọmọdé tàgbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń gba inú wáyà kọjá. Nínú àwọn géèmù tá a fi gbá Super Mario Bros. (1985) àti Contra, wáyà yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, funfun tàbí pupa ló ń gbé ohùn. Iná tó ń gbé àwòrán yẹn kò ju nǹkan bíi volt 1 lọ. Bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ayé ìgbà yẹn fúnra rẹ̀ ń ṣe iná tó lé ní volt 20,000 nínú ikùn rẹ̀ kí àwòrán tó lè yọ lójú dígí. Kí ni volt 1 fẹ́ fi ṣe é? Ojú kan náà ni tẹlifíṣọ̀n fi ń wo Mario àti fíìmù Yorùbá tó ń ti inú fídíò jáde, ihò kan náà ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé fíìmù ba tẹlifíṣọ̀n òun jẹ́.

Ìbọn ni wọ́n bẹ̀rù jù, ìyẹn ìbọn Duck Hunt, géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ inú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá tó bá rí i tí ọmọ rẹ̀ dojú ìbọn kọ tẹlifíṣọ̀n, àyà rẹ̀ á já. Ìbọn yẹn kì í yin nǹkan kan o. Ojú ló ní, kò ní ọta. Bí ọmọ bá ti fà á, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣú dùdù, kíá báyìí, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan á sì tàn funfun. Bí ìbọn bá rí òkùnkùn tó sì rí funfun tẹ̀ lé e, pẹ́pẹ́yẹ jábọ́ nìyẹn. Bí kò bá rí i tí pẹ́pẹ́yẹ fi fò lọ, ajá á yọjú láti inú koríko, á máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá ìbọn, kò sí ohun tó ń ti ìbọn lọ bá tẹlifíṣọ̀n. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń wá a jáde láti gbá a lónìí, kò ní ṣiṣẹ́ lára tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Àwòrán máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ níbẹ̀, ìbọn yẹn kò sì lè dúró dè é. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì.)

Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ń bàjẹ́ lóòótọ́. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò. Iná ni. Iná á lọ láàárín géèmù, ẹnikẹ́ni ò ní rántí pa tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó bá sì fi agbára dé, ohun tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa jẹ ẹ́. Èéfín rú, ọmọ ló wà nídìí ẹ̀, géèmù ló wà lára ẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Bó bá jẹ́ pé ìròyìn aago mẹ́sàn-án ni bàbá ń wò nígbà tó jóná, ta ló máa dá ìròyìn lẹ́bi? Ẹ tún rántí aṣọ olódòdó tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń dí ihò tí ooru ń gbà jáde.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní fi pa mọ́. Àwòrán tí kò bá kúrò lójú kan fún ìgbà pípẹ́ lè fi àpá sílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀rọ Pac-Man (1980) tí wọ́n ń tàn láti òwúrọ̀ dalẹ́, fún ọdún gbọọrọ: ẹ pa á, ẹ ṣì ń rí ìlà rẹ̀ lára dígí. Lónìí, tẹlifíṣọ̀n OLED ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán ló ń tan iná tirẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń gbá The Witcher 3 (2015) fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, máàpù tó wà lókè lápá ọ̀tún kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ wọ sẹ́tíǹgì, ẹ pa máàpù náà. Elden Ring (2022) tiẹ̀ lè máa fi àwọn àmì tó wà lójú rẹ̀ pa mọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìjà ò bá sí. Tẹlifíṣọ̀n LED tó pọ̀ jù nílé wa ńkọ́? Ẹ̀yìn ni iná tiẹ̀ ti ń wá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ó ká mi lára pé àwọn kan ò tíì tọ́ irú àwọn géèmù yìí wò, níbi téèyàn ti ń di akọni inú ìtàn. Nínú Final Fantasy VII (1997), àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í fọhùn, kíkà lẹ máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, ó sì ṣì dùn títí dòní. Nínú Baldur's Gate 3 (2023), bẹ́ ẹ bá fẹ́ parọ́ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, dáìsì olójú ogún á máa yí lójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo pálọ̀ á dákẹ́ títí á fi dúró. Ti àgbà nìyẹn o, ẹ má gbé e fún ọmọdé.

Géèmù gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù iná máa bà wá fún. Bí iná bá lọ níbi tó ti ń tọ́jú ibi tẹ́ ẹ gbá a dé, gbogbo rẹ̀ lè dàrú. Ẹ ra UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, ẹ máa tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé sí ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí iná bá sì lọ, ẹ yọ gbogbo ẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dìde níbẹ̀.