Géètì Àwọ̀ Ewédú

Nílé, n ò kan ìṣó rí. Ní Ìbàdàn, bí nǹkan bá bàjẹ́, "Ẹ bá mi pe káfíńtà" ni gbogbo irinṣẹ́ tí mo ní. Káfíńtà á dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, á gbowó ìṣó, á gbowó ọkọ̀, á tún béèrè bóyá oúnjẹ wà. Inú máa ń bí mi nígbà yẹn. Níbikíbi tó bá wà lónìí, kó máà bínú.

Torí nígbà tí géètì iwájú ilé wa ní Thamesmead, ní London níbí, wó, káfíńtà òyìnbó tí mo pè wò ó bí ìgbà tí dókítà ń wo aláìsàn, ó mí kanlẹ̀, ó ní £480. Mo ní ṣé òun náà máa wá bá wa gbé ni? Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo yọ fóònù pé kí n ṣírò ẹ̀ sí náírà, mo dá a padà sápò. Oorun ṣì wù mí í sùn.

Mo bá ní èmi fúnra mi ni n ó kàn án. Géètì bàbá mi ló wà lọ́kàn mi: ó ga ju èèyàn lọ, orí kìnnìún méjì wà lára ẹ̀, àfọ́kù ìgò wà lórí ògiri. Àfìgbà tí mo wo òfin. Ní England níbí, géètì tó bá wà lẹ́bàá títì tí mọ́tò ń gbà kò gbọdọ̀ ga ju mítà 1 lọ, àfi téèyàn bá lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ káńsù. Mítà 1! Ẹ dìde kí ẹ fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ìbàdí ni. Olè ò nílò àkàbà, ẹsẹ̀ lásán ló máa gbé. Ewúrẹ́ ìyá mi á fò ó, kò ní í gbé ewé ẹnu ẹ̀ sílẹ̀.

Mo tọrọ páléètì, pákó tí wọ́n kàn pọ̀ láti máa to ẹrù lé, lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé lójú títì wa, wọ́n ní kí n máa kó o lọ. Àmì máa ń wà lára páléètì o. Tẹ́ ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ MB, oògùn olóró ni wọ́n fi fín in, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. HT ni tèmi. Àmọ́ ìṣó páléètì! Ìṣó yẹn lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, kò sì fẹ́ jáde, àfi bí ayálégbé tó jẹ gbèsè ọdún méjì. Pákó mẹ́ta ló ń fọ́ kí n tó rí méjì gidi yọ.

Híńjì àti ìkọ́, £14. Ọ̀dà, £5, torí ẹnìkan ló ní kí wọ́n pò ó, tí kò wá gbé e mọ́. Mo ṣí i nílé, mo sì rí ìdí tí kò fi wá. Ewédú ni. Ewédú àná.

Igi kan wà tí wọ́n máa ń kàn ní ìdágẹ̀rẹ́ sẹ́yìn géètì. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ lápá híńjì, orí ẹ̀ lókè lápá ìkọ́, kí ìwúwo lè padà sórí òpó. Mo mọ̀ ọ́n o! Àmọ́ mo ti da géètì dojú bolẹ̀ kí n tó kàn án, mo sì gbàgbé pé tí mo bá gbé e dìde, ọ̀tún á di òsì. Bí mo ṣe gbé e kọ́, ó forí kanlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kò ní í bá wọn lọ síbi ìnáwó.

Bàbá òyìnbó tó múlé tì wá gbé tíì ẹ̀ jáde. Ó ti ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi ò gbà á, "Sà" ni mo ń pè é. Ó wo géètì títí. Ó ní, "Íńtírẹ́sítìn." Ọdún 11 ni mo ti lò nílùú yìí. Èébú ni. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó mú súkúdíráfà, a tú igi yẹn, a tún un kàn.

Mo fi han ìyá mi lórí fídíò.

"Kí nìyẹn?"

"Géètì ni, Mà."

"Mo rí i. Ìyókù ẹ̀ dà?"

Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì lálẹ́ Sunday. Òjò rọ̀ mọ́jú. Ó yẹ kéèyàn fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín géètì àti òpó, torí igi máa ń wú tó bá mumi. Èmi ti fún un pinpin, nítorí olè. Aago mẹ́fà àárọ̀ Monday, mo tì í, mo fà á, kò mira. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Mo bá gbé ẹsẹ̀ lé e, mo dá a kọjá.

Níbi iṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tá a jọ wà níbẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ewédú ti ta sí yín ní ṣòkòtò."