Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà: Nígbà Tí Ọmọ Bá Na Gbalaja Síwájú Ìsọ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa léèrè mọ́ pé kí ló dé tó jẹ́ ọjà ni wọ́n fi í sí. Wọ́n ì bá ti ní àgbà kì í wà nílé, tàbí àgbà kì í wà lóko. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti pọn ọmọ lọ sọ́jà rí. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ìyá kì í dilẹ̀ níbẹ̀: ọ̀kan di apẹ̀rẹ̀ mú, ọ̀kan ń ka owó, ojú ń ṣọ́ ọjà tó ń rà, orí ọmọ sì ti yẹ̀ lẹ́yìn.

Ti ọmọ ẹ̀yìn ò ṣòro. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní, "Ìyá ọmọ, ẹ tún orí ọmọ yín ṣe," ó tán. Èyí tó ń dán ìyá wò ni ọmọ tó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó ti mọ orúkọ bisikíìtì méje, tó wá na gbalaja síwájú ìsọ̀ olónísọ̀ tó ní òun ò lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọjà ẹja Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá mọ Olúwo mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ń na gbalaja sí. Omi ẹja wà nílẹ̀, ìpẹ́ wà nílẹ̀, alábàárù ń pariwo pé kí ẹ yàgò lọ́nà. Ọmọ mi ọkùnrin ò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà. Mo ń ná ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí akàn nínú ike, láàyè, tí wọ́n ń gun ara wọn. "Màámi, ẹ bá mi ra ìyẹn, mo fẹ́ máa fi ṣeré." Mo ní rárá. Obìnrin kan gbé bisikíìtì kọjá. Mo tún ní rárá. Bí ó ṣe wólẹ̀ nìyẹn. Aṣọ funfun ló sì wà lọ́rùn rẹ̀, torí pé a fẹ́ gba ibẹ̀ lọ síbi ìkómọ. (Mo mọ̀. Ta ló ń wọ aṣọ funfun fún ọmọ lọ sí Olúwo?)

Ìyá kan ní, "Ẹ bá a rà á jàre, èló ni?" Òmíràn ní, "Ẹ fọ́ ọ létí, á dákẹ́." Ẹnì kẹta bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú ọjà wá ń ta mí lára bí ata. Mo ra bisikíìtì, mo ra akàn. Kí a tó dé ìdí ọkọ̀, ọmọ ti sùn, bisikíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ já a. Mo jókòó, mo bi ara mi pé ta ni mo ra nǹkan wọ̀nyí fún gan-an. Ẹnu ọjà ni mo fi bisikíìtì dí. Ti ọmọ, oorun ló ń kùn ún.

Àwọn àgbà ní ibi tí ọmọ tó ń sunkún bá ń nawọ́ sí, bí ìyá rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Àwa tí à ń pa òwe yìí, ìka ọmọ là ń wò. Ẹni tó dúró níbẹ̀ ni kí á wò. Ọmọ mi nawọ́ sí akàn, ṣùgbọ́n ebi àti oorun ló dúró síbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti jí i, ẹ̀kọ díẹ̀ ló sì mu. Láti ìgbà náà, tí ọmọ mi ò bá tíì jẹun, a ò ní jọ débi tí wọ́n ti ń tajà.

Ẹ má rò pé ebi nìkan ni o. Ojúkòkòrò wà, àwa òbí la sì sábà máa ń bomi rin ín. Ẹ wo apẹja orí ọ̀sà wa níbí. Tí kò bá rí ẹja kankan mú níbì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, á kó àwọ̀n rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n tó bá rí ńlá kan mú lánàá, bó ju àwọ̀n nígbà ogún lónìí tó ń bá òfo, kò ní kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọmọ rí. Èyí tí a máa ń sọ "rárá" fún lẹ́ẹ̀mẹta, tí a wá gbà fún un ní ẹ̀kẹrin nígbà tí igbe rẹ̀ kan ọ̀run, òun ni igbe rẹ̀ máa ń gùn jù. A ti fi hàn án pé ẹja wà níbẹ̀, ó kàn fẹ́ sùúrù ni. Ọmọ tó sì ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Òwe náà dára, àmọ́ kí ìyá tó fẹ́ fi í ṣàpẹẹrẹ rántí pé òun náà ò ní sùn lóru ọjọ́ náà.

Kí wá ni ṣíṣe? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó kúrò nílé ni kí ọ̀rọ̀ ti yanjú: "Ẹja la fẹ́ rà lónìí, a ò ra nǹkan ìpanu." Tàbí, "Ohun kan ṣoṣo ni wàá mú, kò sì gbọdọ̀ ju ₦300 lọ." Kí ó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Tó bá wá wólẹ̀ lọ́jà, kò sí àríyànjiyàn mọ́, kò sí àlàyé gígùn. Ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jókòó tì í, ẹ má bá a jà, ẹ má sì rà á. Á sunkún, á rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà á rẹ̀ yín. Ẹja á máa dúró dè yín.

Mi ò ní sọ pé mi ò gbá ọmọ rí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé èyí tí à ń gbá wọn lọ́jà, ìtìjú tiwa ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Lọ́jà, apẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òsì.

Èyí tó burú jù lójú mi ni irọ́. "Tí a bá ń bọ̀, màá rà á." "Màá fi ẹ́ sílẹ̀ fún màmá ẹlẹ́ja yìí." Aṣu ní í gbàgbé, akó kì í gbàgbé. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹ ṣèlérí bàtà fún ṣáájú ọdún Káyòkáyò, ìyẹn èyí tí àwa Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó ṣe wá tẹ̀dó síbí ní 1851, á rán yín létí títí Iléyá tó ń bọ̀. Tí owó ò bá sí, ẹ sọ fún un pé owó ò sí. Ọmọ ń gbọ́ ọ ju bí a ṣe rò lọ.

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, bí àlejò bá na nǹkan sí mi, ojú màmá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bí wọ́n bá ṣẹ́jú báyìí, mo mọ̀ pé kí n gbà á. Bí wọ́n bá wò mí láìṣẹ́jú, mo ti yó nìyẹn: "Ẹ ṣeun mà, mo ti jẹun." A ti pa àṣà yẹn tì, ó sì dùn mí. Kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Ó ń kọ́ ọmọ pé àárín ojú rírí àti ọwọ́ nínà, ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, orí ọmọ wa tó ń wọ́ kì í ṣe bisikíìtì ló ń gbé e dúró. Ẹ bá wa sọ pé, "Ọmọ dáadáa, dìde, gbọ́rọ̀ sí màmá ẹ lẹ́nu." Ẹ bá wa di apẹ̀rẹ̀ mú díẹ̀. Ẹ má tú ọ̀rọ̀ tí a ti dì láti ilé.

Ọmọ tó fẹ́ fi akàn ṣeré yẹn ti pé ọdún mẹ́jọ báyìí. Òun ló ń bá mi gbé ike, òun ló sì ń bẹ̀bẹ̀ fún èènì, torí pé iṣẹ́ tí mo fún un nìyẹn kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan tí mo ra ẹja lọ́wọ́ wọn na ẹ̀pìyà kékeré kan sí i. Ó wojú mi. Mo ṣẹ́jú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dìde, ó wo inú ike dáadáa.

"Ẹ ṣeun mà. Àmọ́ àwa mẹ́rin la wà nílé."