Bulky kì í ṣe heavy o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán lónìí. Ẹnìkan tó ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló tún kọ ọ́ pé "bulky" ni ohun tó wúwo. Àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rẹpẹtẹ!

Kí ló kan ìwúwo níbẹ̀? Ohun tó gbàyè ni bulky. Ohun tó rí ràbàtà, tí apá ò ká, tí ẹ ó máa dà síhìn-ín dà sọ́hùn-ún kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọmọdé lè gbé tìmùtìmù onífóòmù, síbẹ̀ bulky ni. Òjé tó mọ níwọ̀n ìkúùkù á fa ọwọ́ yín wálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó máa pè é ní bulky. Ẹ má sọ fún mi pé "ìkan náà ni gbogbo ẹ̀".

Mo lọ fi ìrọ̀rí ránṣẹ́ nínú páálí nígbà kan. Orí ìwọ̀n, kílò mẹ́ta péré. Òṣìṣẹ́bìnrin ibẹ̀ ò tiẹ̀ wo ìwọ̀n, téèpù ló fà yọ. Gígùn, 60 sẹ̀ǹtímítà, ìbú, 50, gíga, 40. Ó fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, ó fi 5,000 pín in, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi bàálù kẹ́rù ṣe máa ń ṣe. Kílò 24! Mo ní, "Àǹtí, ìrọ̀rí mà ni o." Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, bulky ni." Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ó lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Inú bàálù lè kún dẹ́nu kí ẹrù tó wúwo tó èyí tó lè gbé, àyè ni wọ́n ń tà.

Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ Scandinavia àtijọ́ ni "bulk" ti ṣẹ̀ wá pàápàá: búlki, ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi. Ì báà fúyẹ́, ì báà wúwo, ẹrù ni.

Ohun tó wá dà mí láàmú ni rìsíìtì yẹn. "Chargeable weight", ìyẹn ìwúwo tí wọ́n máa gbowó lé, ni wọ́n kọ sókè 24 náà. Weight! Àwọn tó ń fi òwú hun aṣọ òtútù tún dá kún un: òwú ìpele 5 wọn ń jẹ́ bulky, bí òwú ṣe nípọn tó ni wọ́n ń wò, "yarn weight" ni wọ́n sì ń pe ìpele ọ̀hún. Ta ni mo wá fẹ́ bá jà báyìí?