Ọjọ́ orí kọ́ ló yẹ kó gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbà

"Bàbá, ẹ lọ jókòó. Ẹ ti ṣe tiyín." Bí ewú bá ti ń yọ lórí ẹni tó ń roko, gbogbo ilé á fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, mi ò bá wọn jà. Èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni mo ń bá jà: pé iṣẹ́ líle ló ń gbẹ agbára àgbàlagbà, pé bí ó bá jókòó, ìwọ̀nba tó kù kò ní lọ. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìjókòó gan-an ló ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé agbára ń dín lóòótọ́. Láti nǹkan bí ọmọ 30 ọdún ni iṣan ara ti ń dínkù, bíi 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, bí èèyàn bá sì ti kọjá 60, ó tún ń yára sí i. Ọkàn náà kì í lè sáré bíi ti àtijọ́. Bí iṣẹ́ bá le dé góńgó, ọkàn ọmọ 25 lè lù tó bí 195 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹni 65 kì í sábà kọjá nǹkan bí 155.

Ṣùgbọ́n gbogbo agbára kì í jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyára ló ń kọ́kọ́ lọ. Agbára tí a fi ń ju àpò sí èjìká, tí a fi ń fa kùkùté tu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ń tètè dín ju èyí tí a fi ń rọra gbé nǹkan lọ. Àgbàlagbà tó bá ọmọ 25 du ìdí iṣẹ́, tó wá ń mí hẹlẹ, tó sọ pé òun kò lè roko mọ́, eré ló fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì lé e.

Ní ti ìsinmi pátápátá, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé e wò. Wọ́n gbé èsì náà jáde ní 2007. Àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ bí 67, ni wọ́n ní kí wọ́n wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ 10. Nǹkan bíi kìlógíráàmù kan ló ti kúrò lára ẹran ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó dìde. Ọjọ́ 10 péré! Ní 1990 ẹ̀wẹ̀, àwọn arúgbó tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 86 sí 96 fi ẹsẹ̀ gbé nǹkan wúwo lábẹ́ àbójútó fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é dé òpin ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó ń yí padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Ẹ wo àpò tó wúwo tó 50 kìlógíráàmù. Ọ̀dọ́ á gbé e lẹ́ẹ̀kan, á sì máa yangàn. Àgbà á pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kó yí i sínú bárò. Ta ló gbọ́n? NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi 23 kìlógíráàmù ṣe òdiwọ̀n, ìyẹn bí ẹrù bá súnmọ́ ara, tí a kò sì ní yí ìbàdí. Tọmọdé tàgbà ni òdiwọ̀n yẹn wà fún. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Èyí tó wù mí jù ni ti àárọ̀. Àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé oko, wọn kì í tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á rìn yí ká, wọ́n á pọ́n àdá, wọ́n á wo ibi tí omi gbà kọjá lóru. Àwọn ọmọ á máa kùn pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan tó dà bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn máa ń fa omi bí a bá sùn, wọ́n á wú. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ wọlẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ tí a jí, ìnira tó ń bá wọn pọ̀ gan-an ju tìgbà tí a ti dúró, tí a ti rìn díẹ̀.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn ará ilé ni ti oòrùn. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà bíi ti ọ̀dọ́, òógùn rẹ̀ sì ń dín, nítorí náà kò gbọdọ̀ dúró de òùngbẹ kó tó mu omi. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn ní láti gbọ́ tẹnu dókítà rẹ̀. Ẹni tó ti fi oko sílẹ̀ lọ́dún pípẹ́ náà kò gbọdọ̀ jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ fi àáké gé igi láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwọ̀nba ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ran bàbá tàbí ìyá yín lọ́wọ́, ẹ fi ọkọ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Ẹ bá wọn fi èèkù tó gùn sí i, kí wọ́n má bàa tẹ̀ púpọ̀. Ẹ pín àpò sí kéékèèké kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀. Bí oòrùn bá sì ti ń mú, tí wọ́n dìde pé àwọn ń lọ sílé, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.