Èsì wa sí oníbàárà tó fún Flipped ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú ilé o, mọ́mì. A dúpẹ́ pé ẹ ra ìwé lọ́wọ́ wa ní Kútọ̀. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún 13, pa Flipped tí Wendelin Van Draanen kọ dé níbi tí wọ́n ti gé igi, torí pé "ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mejì", àti pé kí là ń ta ìwé ìfẹ́ fún ọmọdé sí. Ẹ̀tọ́ yín ni ìràwọ̀ méjì. Àmọ́ mi ò gbà pé àsọtúnsọ ni.

Ọmọkùnrin kan, Bryce, àti ọmọbìnrin aládùúgbò ẹ̀, Juli, ló ń sọ ìtàn náà: Bryce á sọ tiẹ̀, Juli á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, á sọ ohun kan náà bó ṣe rí lójú tiẹ̀. Iwájú díẹ̀ síbi tí ọmọ yín dúró ni ọ̀rọ̀ ẹyin wà. Juli ní adìẹ tó tọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní òròmọdìẹ. Àwọn aládùúgbò yòókù ń sanwó ẹyin, ilé Bryce nìkan ló ń fún lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé Bryce ń bẹ̀rù àìsàn, ẹ̀rù sì ń ba Bryce láti sọ fún Juli pé àwọn ò fẹ́, ló bá ń yọ́ dà á sí garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí Juli bá wá ń fi inú dídùn ròyìn ẹyin yẹn, àwa tí à ń kà á ti mọ ibi tó ń lọ. Ibẹ̀ ló ti ń dùn, ibẹ̀ náà ló ti ń dunni.

Àwọn ọmọ iléèwé tó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù kì í fẹnu kò lórí ẹ̀. Àwọn obìnrin inú wọn ní ojo ni Bryce. Ọmọkùnrin kan ní bí ẹnìkan bá ń lé òun kiri láti ọmọ ọdún méje, òun náà á sá. Àwọn kan tiẹ̀ ń fo orí tí Bryce bá ti sọ̀rọ̀! Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni mò ń pe àwọn yẹn.

Ti ìfẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìgbà tí ọkàn Bryce ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà sí i ni ti Juli ti ń yẹ̀. Bryce fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu níwájú ẹlẹgbẹ́ wọn, Juli fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

A kì í dá owó ìwé tí wọ́n ti kà padà, ṣùgbọ́n a lè bá yín fi òmíràn pààrọ̀ ẹ̀, bí kò bá ya, tí wọn ò sì fi bírò fàlà sí i. Ẹ kọ́kọ́ ní kó ka ti ẹyin yẹn ná, lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí kò bá ṣì wù ú, ẹ máa gbé e bọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan la kì í ṣí.